Odindi Ni Wọ́n Ní Kó Gbé E Mì

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi. Ojú ṣì ń tì mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Ikọ́ fée ń yọ Dúpẹ́ ọmọ mi lẹ́nu. Ọmọ ọdún méje ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń lo oògùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń fi ṣíbí méjì lọ̀ ọ́, n ó pò ó mọ́ ògì. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ọmọdé wo ló ń gbé hóró oògùn mì?”

Ìgbà tó yá, dókítà l'Ọ̀wọ̀ pààrọ̀ oògùn náà: ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Ọkùnrin tó ń pín oògùn ní kó máa gbé e mì lódindi o. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ṣé mo tiẹ̀ gbọ́? Mo rò pé àgbàlagbà ni wọ́n ń sọ ọ́ fún!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nílé wa n'Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, mo lọ̀ ọ́ kúnná. Dúpẹ́ mu ògì ẹ̀, ó ní ó korò. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo gbé etí lé e láyà. Hà! Ó ń sáré bí àyà ẹyẹ tí wọ́n dì mọ́wọ́. Aládùúgbò wa fi alùpùpù gbé wa lọ s'Ọ̀wọ̀. Orúkọ Dúpẹ́ ni mò ń pè títí a fi dé ọsibítù.

Dókítà bi mí pé mélòó ni mo fún un. Mo ní ẹyọ kan. Òótọ́ ṣáà ni, àbí? Ó ní bóyá ọmọ náà tún mú òmíràn jẹ nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ ṣíbí ń bẹ lẹ́nu mi, ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Àfìgbà tí Dúpẹ́ ní, “Màámi, àyà mi ń sáré,” ni mo lọgun: “Dókítà, mo lọ̀ ọ́ ni o!”

Ni wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n fa omi sí i lára. Ọkùnrin tó ń pín oògùn wá bá mi, kò bú mi. Ó fi odindi ẹyọ kan sínú ife omi, ó lọ ìkejì sínú ife mìíràn. Kíá ni èyí tó lọ̀ ti pò mọ́ omi. Odindi jókòó sí ìsàlẹ̀ jẹ́ẹ́.

“Ìyá Dúpẹ́, wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn di alẹ́. Ìtì igi tó yẹ kó jó di alẹ́ lẹ là wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ síná lẹ́ẹ̀kan.”

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí àyà ẹ̀ tó rọlẹ̀. Mo sunkún ju òun lọ.

Nígbà tí dókítà ní kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ìyá ọkọ mi wo Dúpẹ́ látòkè délẹ̀: “Ìwọ tó ń gbé òkèlè iyán mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu, hóró yìí ló máa há ọ lọ́fun?” Wọ́n fi oògùn sáàárín òkèlè kékeré, wọ́n tì í bọ ọbẹ̀ ilá. Gbì! Ó ti lọ. Dúpẹ́ la ẹnu kí gbogbo wa wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lọ oògùn fọ́mọ. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ìtìjú mi ì bá gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti pò mọ́ ògì ọmọ rí? Ẹ sọ fún mi, mi ò ní fi yín ṣẹ̀sín.