Ìlà Pupa Lórí Afárá Wa

Àbúrò ìyá mi tó ń ta iṣu lọ́jà Ìkàrẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé alága káńsù ti fi báírò pupa fagi lé afárá wa nínú ìwé ìṣúná. Ìyàwó alága ló wá ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ ní kí káńsẹ́lọ̀ yín kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìlúwẹ̀ẹ́.”

Káńsẹ́lọ̀ ọ̀hún, èmi ni. Èmi náà ni mo sì gbé agbára yẹn fún ọkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí a bá gbé ìwé ìṣúná síwájú alága, kó fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ ni, tàbí kó dá gbogbo rẹ̀ padà. Èmi ni mo dìde láàárín ìgbìmọ̀, tí mo ní kó máa yọ èyí tí kò bá wúlò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹní ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Òkúta àkọ́kọ́ tó ṣà, afárá mi ni, nítorí pé n ò dìde nígbà tó wọlé síbi ìsìnkú kan ní Ọ̀kà.

Lọ́dún yẹn, ìyá mi ń ti oko bọ̀ lẹ́yìn òjò, ó ru ẹ̀gẹ́. Ó yọ̀ ṣubú sínú odò, níbi tó yẹ kí afárá wa wà. Ìbàdí rẹ̀ ò tọ́ mọ́ títí dòní.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ń kí alága, mo ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí sáà rẹ̀ parí, èmi ni wọ́n dìbò yàn sípò rẹ̀. Kànga ẹ̀rọ àdúgbò rẹ̀ wà nínú ìwé ìṣúná àkọ́kọ́ tó dé iwájú mi. Ó gbọ́, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ṣí fìlà.

“Alága, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn obìnrin wa ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí omi.”

“Ẹ jókòó, ọ̀gá mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́.”

“Àwọn yẹn ò ṣẹ̀ yín.”

“Ìyá tèmi ńkọ́? Kí ló fi ṣẹ̀ yín?”

Mo rọra fa ìlà pupa lé kànga náà níṣojú rẹ̀, mo wá yí ìwé sọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

Wọ́n ní kí n jẹ́ kó tán nínú mi. Kò tíì tán. Bí mo bá rí àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ tí wọ́n ru kẹ́ẹ̀gì gun òkè, ojú a tì mí díẹ̀. Bí mo bá délé tí mo rí bí ìyá mi ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀, inú mi a tún dùn. Mo gbọ́ pé wọ́n ń gbèrò láti gbé irú agbára ìlà pupa yẹn fún ẹlòmíràn báyìí, níbi tó ga ju káńsù lọ. Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, bó bá jẹ́ irú èmi ló máa jókòó síbẹ̀, ṣé wàá gbé agbára náà lé e lọ́wọ́?