Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Mu Tíì Wọn Tán

Ta ni ò gbọ́, nílé ìwádìí wa ní Townsville, ní Australia, bí Àǹtí Noelene ṣe gé táì ọ̀gá? Ọ̀gá Garth ló mú àlejò wá, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí àpótí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ooru dán wò ti ń sinmi. Àǹtí fi ìdí ti ilẹ̀kùn pa, gbàm! Táì há síbẹ̀.

"Noelene, ṣí i!"

"N ò ṣí i. Àkókò tíì àwọn sẹ́ẹ̀lì mi ni. Bó o bá ń mu tíì tìẹ láago mẹ́wàá, ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu?"

"Ọrùn mi ńkọ́?"

Àǹtí mú sísọ́ọ̀sì, ó gé táì náà, ó wá bu kéèkì alágbọn fún un kó fi panu.

Olóríkunkun ni, ká má parọ́. RNA kan, ìyẹn ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe látinú àbùdá rẹ̀, wà tí kì í bá àwọn yòókù ṣe purotéènì, pàǹtí làwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Àǹtí ní irọ́ ni. Ó ní bí ooru bá mú, RNA yìí ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì pamọ́. Bí ooru bá rọlẹ̀, RNA yìí kan náà ló ń dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ikú fi mú un lọ.

Àárò rẹ̀ ń sọ Semisi, ọmọ Tonga tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò dẹ̀ fẹ́ kí yẹ̀yẹ́ náà bá Àǹtí dé sàréè. Ó yọ RNA náà kúrò nínú àwo sẹ́ẹ̀lì kan, ó fi í sílẹ̀ nínú ìkejì, ó sì fi ooru gbá méjèèjì.

Bí ooru ṣe rọlẹ̀ báyìí, Ọ̀gá Garth ti yọjú. "Ọgbọọgba ni wọ́n, Semisi. Méjèèjì yè, méjèèjì ò ṣiṣẹ́. Àǹtí rẹ ṣì í. Dà wọ́n nù."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò tíì mu tíì wọn tán."

Ọ̀gá fẹ́ bínú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí táì. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwo tó ní RNA ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹrẹu. Ìkejì ò mira. Ó la ooru já lóòótọ́, kò kàn rẹ́ni pè é padà ni.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó!" Semisi ti yíjú sí àga Àǹtí kó tó rántí pé kò sí mọ́. Ẹkún gbà á.

Ọ̀gá Garth wo inú àwo náà pẹ́. Ó bọ́ táì ọrùn rẹ̀, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn àpótí.

"Noelene jàre," ló wí. "Ì bá wà níbí, kó gé eléyìí náà."