Nígbà Tí Ẹjọ́ Orúkọ Ìkànnì Kúrò Lórí Bébà

Ìyá Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé kò sí ìwé tó wọ ilé ìgbẹ́jọ́ náà tí kò lu òǹtẹ̀ sí. Yàrá mélòó kan ni ilé ìgbẹ́jọ́ ọ̀hún, lókè ilé ìtajà bàtà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà àwọn tó ń du orúkọ ìkànnì, ìyẹn àdírẹ́sì tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó rí oníṣòwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní ẹlòmíràn ń lo orúkọ òun á kó ìwé wá. Ìyá Òǹtẹ̀ á dì í, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, onítọ̀hún á sì fọwọ́ sí i pé òun rí i gbà. Ìfọwọ́sí yẹn ló ń jẹ́ kó rí oorun sùn.

Àfi bí ọ̀gá ṣe dé lọ́jọ́ kan tó ní àwọn ò lo bébà mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹjọ́ yóò máa gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni yóò máa gbà jáde. Ìyá Òǹtẹ̀ ò fẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé kò mọ kọ̀ǹpútà lò. Ta ni yóò wá sọ fún un pé ẹ̀sùn dé ọwọ́ ẹni tó ni ín?

Káfíńtà kan ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ kàn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta àga ló ní kó gbé orúkọ ìkànnì rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Òǹtẹ̀ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ní ó ti lọ, gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ wọlé ń sún mọ́lé, káfíńtà ò fọhùn. Nílé, Ìyá Òǹtẹ̀ gbé oúnjẹ rẹ̀ tì sápá kan.

"Àbí ìwọ ni wọ́n pè lẹ́jọ́ ni?" ọkọ rẹ̀ bi í.

Wọ́n lè gba orúkọ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bá òun ṣẹjọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọjọ́ èsì pé, ó tọ ọ̀gá lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n pè é."

"Ẹ̀rọ ní ó ti dé, mà."

"Ó dé ibo, sà?"

Ọ̀gá gbà fún un. "Ẹ pè é. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á nímọ̀ràn kankan o."

Bí káfíńtà ṣe gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni, ohùn rẹ̀ le. "Ẹ̀yin gbájúẹ̀ yìí náà ni. Mo rí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, mi ò sì ṣí i. Irú ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣí tó fi kàgbákò."

Ìyá Òǹtẹ̀ ò bá a jiyàn. "Ẹ má gbà mí gbọ́, bàbá. Ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà ọ́fíìsì wa, kí ẹ pè wá. Àmọ́ kó má kọjá ọ̀la."

Káfíńtà já fóònù mọ́ ọn létí.

Obìnrin náà jókòó ti fóònù ọ́fíìsì, kò lè dìde lọ mumi. Nígbà tó dún, ó gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá," káfíńtà ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. "Ṣé òótọ́ ni wọ́n fẹ́ gba orúkọ yẹn? Òun ni àwọn oníbàárà fi ń rí mi."

Èsì rẹ̀ wọlé kí ọjọ́ tó pé. Adájọ́ ka tọ̀tún ka tòsì, ó ní kí orúkọ náà wà lọ́wọ́ káfíńtà. Ọ̀gá sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa tẹ ẹni tó bá dákẹ́ láago kí wọ́n tó dájọ́.

Gbogbo wọn kí Ìyá Òǹtẹ̀ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹjọ́ mìíràn ti wà nílẹ̀, ti aránṣọ kan tí kò fèsì. Ó pè é láàárọ̀, ó tún pè é lọ́sàn-án. Fóònù ń dún lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó gbé e.