Kimónò Méjìlá àti Ọmọ Tí N Kò Tọrọ

Mo rántí ìgbà tí àlùmọ́gàjí mi ń gé aṣọ funfun láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́, tí awẹ́ aṣọ àti òwú sì bo gbogbo ilẹ̀ ilé ìránṣọ mi. Kimónò kàráté méjìlá ni mo ń rán fún ọmọdé méjìlá, nítorí ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin mi tó fẹ́ pé ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá rí mi nígbà náà á rò pé ìfẹ́ ọmọ ló ń tì mí. Ìfẹ́ ọmọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n ìbínú ló ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ojú obìnrin kan ni mo ń rí lára gbogbo aṣọ tí mo bá gún ní abẹ́rẹ́.

Ìyàwó oníkajú ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ilé wọn sì fara ti tiwa ní Tchaourou, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè níbi tí ọkọ̀ ojú irin kò ti fọn fèrè mọ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Cotonou ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì bá ìyá ọkọ rẹ̀ nílé, ìyá àgbà kan tó ti wà ní àdúgbò náà kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Kí n sọ òótọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ obìnrin yìí. Mo gba aṣọ Iléyá rẹ̀, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí pé á wọ̀ ọ́ lọ sí yídì, ọjọ́ kẹta ọdún ni mo tó gbé e fún un, nígbà tí awọ àgbò ti gbẹ lórí ògiri. Ẹ̀yin náà mọ àwa aránṣọ. Kò bá mi jà. Ó gba aṣọ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó wọlé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí ọmọ tirẹ̀ dé, ó ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Cotonou, pẹ̀lú ìwé ìpè. Ní àdúgbò tiwa, a kì í pe ọmọdé sí oúnjẹ. Òórùn ọbẹ̀ ló máa ń pè wọ́n, ọmọ tó bá sì dé, wọ́n á fún un ní àwo. Ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ jọ ń lọ sí ilé ìwé ni, wọ́n jọ ń kọ́ kàráté ní ọ̀sán Ọjọ́rú lábẹ́ máńgòrò ilé ìwé, nítorí náà ọmọ mi kò tilẹ̀ bèèrè ìwé kankan. Ó wẹ̀, ó wọ bàtà ọdún rẹ̀, ó mú páálí péńsùlù aláwọ̀ tí a rà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ìyàwó oníkajú fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó wo bébà náà lójú gbogbo àwọn ọmọ tó kù, ó ní, “Orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé. Máa lọ sílé.” Ká ní ìyá àgbà wà nílé ni, irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wà ní Kika lọ́jọ́ náà, ó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí ọmọ mi. Ó jókòó lẹ́yìn ilé, páálí péńsùlù wà lórí itan rẹ̀, ó sì sọ ohun tí obìnrin náà wí fún mi láìsunkún. N kò bi í ní ohunkóhun mọ́. Etí mi ti di. Mo ní, “Ó dáa, bí ó ṣe ṣe é fún ọ náà ni wọn yóò ṣe é fún ọmọ tirẹ̀,” mo sì lọ gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá láàárọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọjọ́ ìbí ọmọ mi ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó di tèmi.

Mo fi oṣù mẹ́ta gbèrò rẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ ti ọ̀sán? Tèmi á mọ́jú. Tirẹ̀ jẹ́ ijó àti gàtó, ìyẹn kéèkì? Tèmi á jẹ́ kàráté, kimónò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ wọn gan-an á wá dárí wọn, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ sùn lórí ẹní, wọ́n á sì jí ṣe ìdánrawò kí oòrùn tó yọ. Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí láti Tchatchou dé ọ̀dọ̀ wa, ó kéré tán n kò gbọ́. Nígbà tí mo lọ bá olùkọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tata, àǹtí wa, ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tẹríba kí wọ́n tó gun orí ẹní àti nígbà tí wọ́n bá ń kúrò, ìbáà jẹ́ pé wọ́n borí tàbí wọ́n ṣubú. Bí kò bá sí ìyẹn, ìjà ìgboro lásán ni.” Mo ní, “D'accord, d'accord, mo gbọ́.” Ohun tí mo ń rò lọ́kàn ni bóyá ìyàwó oníkajú á lè gbọ́ ariwo wọn láti yàrá rẹ̀.

Ọkọ mi ló fura. Ó wo aṣọ funfun tó kún ilé, ó wo mí, ó ní, “Ìyá ọmọ, ṣé ọjọ́ ìbí lo fẹ́ ṣe àbí ogun lo fẹ́ gbé lọ?” Mo ní kó lọ wá ẹní. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èmi sì ni olúwa rẹ̀ nígbà náà.

Ohun kan wà tí mo gbádùn jù nínú gbogbo ètò náà, ìyẹn sì ni títọrọ àwọn ọmọ. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ lè jẹun níbikíbi, ṣùgbọ́n bí yóò bá sùn nílé ẹlòmíì, onílé gbọ́dọ̀ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, kó kúnlẹ̀, kó mú nǹkan dídùn dání, kó sọ ọjọ́ tí yóò dá a padà. Mo gbé àwo bọ́ḿbọ̀n àti obì lé ọwọ́, mo sì tọ ilé mọ́kànlá. Mo lọ sí ilé àwọn mùsùlùmí lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, mo lọ sí ti àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi ní ọjọ́ Àìkú nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ, mo máa ń gba iwájú ilé oníkajú kọjá, kódà nígbà tí ilé tí mo ń lọ bá wà ní apá kejì. Mo máa ń rọra rìn níbẹ̀. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn rí àwo náà, kó sì rí i pé kò dúró lẹ́nu ọ̀nà òun.

Ìyá àgbà ló máa ń wà níta, tó ń bó iṣu tí wọ́n fẹ́ sá. Lọ́jọ́ kan ó pè mí.

“Ìyàwó wa, o kú ìrìn o. Àwọn wo ni bọ́ḿbọ̀n wà fún?”

Mo kúnlẹ̀. “Ìyá, àwọn ọmọ tí yóò wá sùn lọ́dọ̀ wa ní Sátidé ni mo ń lọ tọrọ.”

“Ó mà dáa o. Olúwa á jẹ́ kó yẹ yín.”

Kò bèèrè ohunkóhun mọ́, ó padà sídìí iṣu rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára, pé á wọlé lọ sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé wọ́n ti yọ wọ́n kúrò. Orin ni mo ń kọ lọ sílé.

Sátidé náà dé, gbogbo nǹkan sì gún. Ráìsì ọlọ́ràá kún ìkòkò, dùǹdú wà nínú agbọ̀n, gàtó wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ṣokoléètì ya ìgbànú dúdú sí lára. Ọmọ mi wọ kimónò rẹ̀, mo so ìgbànú dúdú mọ́ ọn nídìí nítorí pé òun ló ni ọjọ́, àwọn yòókù ní ìgbànú pupa. Èmi náà mú ipò mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà. Mo ti pa gbólóhùn náà mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Mo ti wí i níwájú dígí nígbà tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi. N kò mọ̀ bóyá ọmọ náà á wá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ó bá wá, gbólóhùn náà wà nílẹ̀.

Ó wá. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀, ọmọ oníkajú, ó ru abọ́ wàrà lórí, ó ká ẹní sí abíyá. Kimónò wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ kì í ṣìnà nípa irú èyí: ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, láti ara aṣọ ìbùsùn àtijọ́, apá kan gùn ju ìkejì lọ, òwú rẹ̀ sì wọ́ síhìn-ín wọ́ sọ́hùn-ún bí ìránṣọ ẹni tí ojú ti ń ṣú. Aṣọ ẹlẹ́lùú ìyá àgbà ni wọ́n fà ya ṣe ìgbànú fún un. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lórí.

“Tata, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà ní kí n gbé wàgàsì yìí fún yín. Wọ́n ní àwọn rí i pé ẹ ò wá tọrọ mi. Wọ́n ní ẹ ṣeun, ọmọ ilé ni mí, a kì í tọrọ ọmọ ilé.”

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà rí. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, ìbínú ló mú mi gbàgbé rẹ̀. Ilé tó bá bá ọ pín ògiri, o kò ní gbé obì lọ tọrọ ọmọ wọn, torí ìyẹn á dà bí pé o sọ wọ́n di àlejò. Èébú tí mo fi oṣù mẹ́ta gbẹ́, ẹ̀yẹ ni ìyá àgbà kà á sí, ó sì ti jókòó ti abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ojú rẹ̀ yẹn kí ọmọ má bàa wá láìní kimónò.

Ó yẹ kí n gba abọ́ náà kí n sì yà kó wọlé. N kò yà. Mo wo bébà, mo fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé n kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní, “Orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé. Máa lọ sílé.” Ó sì dùn mọ́ mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè gbé itọ́ mì, ó dùn mọ́ mi ju ohunkóhun tí mo jẹ lọ́dún yẹn lọ.

Ọmọ náà dìde. Ó rọra sọ abọ́ àti ẹní kalẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó fi ẹsẹ̀ pọ̀, ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó sì tẹ̀ láti ìbàdí, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe kọ́ wọn pé kí wọ́n ṣe bí wọ́n bá ń kúrò lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹní rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí mo yíjú, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi.

Ó ní, “Maman, lọ́jọ́ yẹn, òun ló gun ògiri wá bá mi. Gàtó tiẹ̀ ló mú wá. A jọ jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé kí ẹ tó dé.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí. Ẹ ń gbálẹ̀.”

Ó tú ìgbànú dúdú náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ tò sẹ́yìn àwọn yòókù láìní ìgbànú. Nígbà tí wọ́n gé gàtó, ó ní òun ti yó.

Ogún ìṣísẹ̀ ló wà láàárín ẹnu ọ̀nà mi àti tiwọn. Mo lè lọ mú ọmọ yẹn padà. Mo sọ fún ara mi pé ráìsì fẹ́ jóná, pé ọmọ méjìlá wà lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni. Bí mo bá lọ, màá ní láti sọ ohun tí mo ṣe fún ìyá àgbà, ẹnu mi kò sì gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ti dá gbogbo ọmọ padà sílé wọn, mo bu ráìsì àti gàtó sínú abọ́ wàgàsì, nítorí a kì í dá abọ́ padà lófìfo, mo gbé e lọ. Ìyá àgbà yọ̀ mọ́ mi. Ó ní, “Orí ló ń fọ́ ọmọ yìí. Ó ní ẹ bẹ òun títí kí òun dúró, ara òun ni kò gbà á. Kimónò yẹn ńkọ́, ìwọ aránṣọ, ǹjẹ́ mo gbìyànjú?”

Mo ní, “Ẹ gbìyànjú, ìyá.”

Ìyàwó oníkajú jáde pẹ̀lú orín lẹ́nu, ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Iléyá. Ó ní, “Merci o, ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú rẹ̀.” Kí oṣù tó parí, ó gbé aṣọ tuntun wá fún mi, mo sì rán an parí ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ọdún. Kò mọ ohunkóhun títí di òní. Ẹni tí mo sọ òkò sí kò tilẹ̀ gbọ́ ariwo rẹ̀. Ọmọ tó gbé gàtó fò ògiri nítorí ọmọ mi ló bà, òun náà ló sì fi irọ́ bò mí láṣìírí.

Ìyá àgbà ti kú báyìí. Àwọn ọmọ méjèèjì ti di ọ̀dọ́, Parakou ni wọ́n ti ń kàwé, wọ́n sì ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ti máa ń dúró sọ̀rọ̀. Láti Sátidé yẹn, ọmọ oníkajú kò tíì wọ ilé mi. Bí ó bá dé fún ìsinmi tí a pàdé lọ́nà, gbogbo àgbà ló ń kúnlẹ̀ fún àfi èmi. Tí ó bá rí mi, á fi ẹsẹ̀ pọ̀, á na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, á tẹ̀ láti ìbàdí. Àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré tó wà láàárín wa ni. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní, “Ọmọ mi, o káàbọ̀.” Kì í gbé orí sókè títí màá fi kọjá.