Ta Ló Ju Ta Lọ?

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí títí dòní kò tíì yé mi tán.

Ní Ìlàrè, ní Ilé-Ifẹ̀ wa níbí, láyé nàìńtíìsì, lẹ́yìn ọdún 1990, èmi ni mo máa ń bá àwọn ará àdúgbò kọ lẹ́tà òyìnbó. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, ibi tí ojú mi sì ti le jù ni ibi tí a bá ti ń fi nǹkan kan wé èkejì. Ẹni tó bá kọ "more better" fún mi yóò tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ìyàwó ilé kan lẹ́bàá wa ń wá iṣẹ́ alásè nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Ọdún kejì rèé tó ti ń wáṣẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin ará Gáánà, ní kó mú lẹ́tà onídùúró wá látọ̀dọ̀ ẹnìkan tó ń gba owó oṣù nílé ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, nìkan ló wà. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì, torí náà mo bi í bóyá òun ju ọkùnrin náà lọ.

"Èmi kẹ̀? Ọkọ mi ni wọ́n. Wọ́n jù mí lọ."

Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i tó ń kúnlẹ̀ kí ọkùnrin yìí. Kò wá sí mi lọ́kàn láti ka ọdún. Mo kọ ọ́ lórúkọ ọkùnrin náà pé obìnrin náà kéré sí òun: "She is younger than I am." Odindi wákàtí kan ni mo fi rò ó bóyá "me" ni yóò kẹ́yìn rẹ̀ tàbí "I am".

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ. Ọ̀gá wo ọkùnrin náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó wo obìnrin náà, ewú ti yọ sí i lórí. Ó dá lẹ́tà padà fún mi.

"Ẹni tó bá purọ́ ọjọ́ orí, yóò purọ́ ẹran inú ìkòkò. Ẹ mú òótọ́ wá lọ́la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo gba ẹlòmíì."

Lójú ọ̀nà, mo ní, "Ìyá, báwo ni ọkùnrin yìí ṣe tó nígbà tí wọ́n gbé yín wọlé?"

"Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n. Èmi ni mo máa ń pọ̀n wọ́n."

"Ẹ pọ̀n ọ́n, ó sì jù yín lọ?"

"Wọ́n ti wà nílé kí n tó dé. Ìwọ tí o kàwé, kí ló rú ọ lójú níbẹ̀?"

Gbogbo rẹ̀ ló rú mi lójú. Mo tún lẹ́tà kọ pé obìnrin náà ló dàgbà jù. Nígbà tí mo kà á fún un ní Yorùbá, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"N kò gbé e. Ṣé kí wọ́n ní mo gbéra ga nílé ọkọ mi ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, gbé e lọ. Òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnu ẹ."

Ó gbé e, ó dì í mọ́ etí ìró. Wọ́n gbà á síṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà lẹ́bàá fèrèsé mi.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mo jù yín lọ lónìí."

"O ti délé báyìí, o ti tún kéré. Lọ́la ńkọ́?"

"Aago méje ni wọ́n ní kí n wọlé."

"Ó dáa. Láti aago méje, o jù mí lọ."

Báírò pupa wà lọ́wọ́ mi, ìwé àwọn ọmọ lẹ́sìn wà nílẹ̀. N kò mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni ǹ bá fàlà sí nídìí pé kò tọ̀nà.