Òṣùmàrè Ojú Omi Ìrìbọmi

Tí ọkọ̀ bá ń kọjá ní òpópónà kẹta, Dókítà Ọkọ̀ á ti mọ àìsàn tó ń ṣe é. Á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìẹ tó gbọ́ ìró àṣá, á ní, "Púlọ́ọ̀gì kẹta ni." Ẹni tó bá sì lé ọkọ̀ náà bá, á rí i pé púlọ́ọ̀gì kẹta ni lóòótọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa sọ pé bí ẹ́ńjìnì bá kú tó gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí, á kọ́kọ́ húkọ́ ná kó tó rántí pé òun ti kú.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ́ díákónì. Ìdí ògiri yẹn ló ti ń da ọ́ìlì kọndẹ́mù sí, ìyẹn ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnì títí tó fi dú bí ìdí ìkòkò. Ọdún méjìlélógún gbáko. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi hàn án pé béèyàn bá ń da ọ́ìlì sí ìdí ògiri, koríko ò ní hù níbẹ̀, ikán ò sì ní lè yọjú. Òótọ́ ni ọ̀gá sọ, ibẹ̀ mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Dókítà Ọkọ̀ tiẹ̀ máa ń fi yangàn láàárín àwọn díákónì pé ọ̀fẹ́ lòun ń bá Olúwa ṣọ́ ògiri. Bí ẹnìkan bá bi í pé níbo ni gbogbo ọ́ìlì náà ń wọlé sí, ẹ̀rín lá fi dáhùn: ilẹ̀ tó gbé àwọn baba wa mì tí kò bì, ṣé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan ló máa wá há a lọ́fun?

Ó wá di ọdún kan tí òjò rọ̀ débi pé àkèré gan-an ń wá ibi gbígbẹ sá sí. Ọdún náà ni ìjọ ṣètò ìrìbọmi. Wọ́n fa omi láti inú kànga tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò jìnnà sí ògiri yẹn, wọ́n fi kún kòtò ìrìbọmi tí wọ́n fi táìlì funfun tẹ́ nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì dúró sórí omi náà. Olórí akọrin, obìnrin télọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ sì ń gún ni létí, òun ló kọ́kọ́ rí i. Orin kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Òṣùmàrè ló tẹ́ rẹrẹ lójú omi. Kì í ṣe ti ojú ọ̀run tó máa ń jìnnà síni. Eléyìí wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi téèyàn lè fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú àwọ̀ aró, pupa rẹ́súrẹ́sú, ìyeyè àti àwọ̀ ewé, tí wọ́n ń yí wọnú ara wọn, tí wọ́n ń fẹ̀, tí wọ́n ń súnkì, bí ohun tó ń mí. Àwọn àgbàlagbà bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tó ti ń ké látàárọ̀ panu mọ́. Abẹ́rẹ́ ní májẹ̀mú Nóà ló wá kí àwọn nílé, kí ó sì tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, àwọn èèyàn ti ń wá ife àti abọ́ tí wọ́n máa fi bu omi náà mu.

Dókítà Ọkọ̀ náà dìde. Fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rù Ọlọ́run mú un, omi sì lé sí i lójú. Nígbà tó mí lẹ́ẹ̀kẹrin, imú rẹ̀ jíṣẹ́ fún un. Ọ́ìlì ni. Ọ́ìlì tirẹ̀ ni.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bó bá jókòó, tó bá wọn ṣe "Àmín", ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bó bá lanu, òun díákónì á di ẹni tó ba omi Ọlọ́run jẹ́. Ó ti ń rọra tẹ̀ jókòó nígbà tó rí ìyá rẹ̀ níwájú. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú láti ọdún mélòó kan. Ó ti fi ọ̀pá ti àwọn èèyàn sọ́tùn-ún sósì dé iwájú, abọ́ omi sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé e lọ sójú.

Ọmọ rẹ̀ fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di abọ́ náà mú.

"Màmá, ẹ má fi kan ojú yín."

"Ojú tìẹ kọ́ ló ń ríran ni? Jẹ́ kí n fọ tèmi."

"Ọ́ìlì mi ni, Màmá. Èmi ni mo dà á sílẹ̀."

Abẹ́rẹ́ ní ìlara ò dáa o, àbí láti ìgbà wo ni ọ́ìlì mẹkáníìkì ti ń ya òṣùmàrè? Dókítà Ọkọ̀ ò bá a jà. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó bu kọndẹ́mù díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ó gbé e padà wá, ó kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú garawa omi tó mọ́ tónítóní tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ọ́ìlì náà tàn. Àwọ̀ aró jáde, pupa jáde, ìyeyè jáde, wọ́n ń yí, wọ́n ń mí. Àwọn èèyàn wo garawa, wọ́n wo kòtò ìrìbọmi, wọ́n sì ń sọ ife wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pásítọ̀ bi í pé ó tó ọdún mélòó. Ó sọ fún un.

"Kí ẹnikẹ́ni tó kọ orin, kí ẹnikẹ́ni tó wàásù," Pásítọ̀ ní, "ilẹ̀ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi lé ọmọ ènìyàn lọ́wọ́, pé kó ro ó, kó sì máa ṣọ́ ọ. Dókítà, ògiri lo ti ń ṣọ́."

Wọ́n ti kànga pa lọ́jọ́ náà, wọ́n sì sún ìrìbọmi síwájú. Màmá ò bú ọmọ rẹ̀. Ohun tó sọ ò ju pé ẹni tó bá da nǹkan sílẹ̀ nílé òun, onítọ̀hún ló ń nù ún.

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà Ọkọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé ṣọ́bìrì lọ sí ìdí ògiri. Ó rò pé ọ́ìlì náà ò ní wọlẹ̀ jìn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ó gbẹ́ ẹ dé orúnkún, dúdú ni. Ó gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, dúdú ni. Gbòǹgbò tó ti kú so rọ̀ lára kòtò bí irun orí òkú. Nígbà tí orí rẹ̀ wọlẹ̀ tí wọn ò rí i mọ́ láti òkè, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kòtò náà, ẹnu sì yà á. Gbogbo ọ́ìlì ọdún méjìlélógún ló wà níbẹ̀ ní ìpele ìpele, bí ìgbà téèyàn to aṣọ. Ilẹ̀ ò gbé ohunkóhun mì. Ó kàn ń bá a dì í mọ́ra ni, títí apá rẹ̀ ò fi ká a mọ́.

Ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ náà sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń fi ọkọ̀ ẹrù kó o lọ fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ìlì kúrò lára iyẹ̀pẹ̀. Abẹ́rẹ́ gan-an wá di àkàsọ̀ mú fún un, ó ní òun wá wo bí òṣùmàrè ṣe ń wọlẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kọkànlá, iyẹ̀pẹ̀ pupa yọ. Ó tẹ ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, ó hú u, ohun kan sì mì nínú rẹ̀. Ekòló ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Dókítà Ọkọ̀ kúnlẹ̀ sínú kòtò. Ohun kékeré yìí ti ń jẹ ilẹ̀, tó ń tún ilẹ̀ ṣe lábẹ́ gbogbo ìdọ̀tí yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kí i kú iṣẹ́.

Ó gbé e gun àkàsọ̀, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́bàá kòtò. Màmá ò lè rí i. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí ekòló náà fi rìn já ọwọ́ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì.

"Ó wà láàyè," ó ní. "Dá a padà síbi tó wà."

Dókítà Ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dá a padà. Láti ibẹ̀ lọ, ó gbé ṣọ́bìrì tì, ó ń fọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ ìhà ibẹ̀.