Iná tí Omi Kò Rí

Afọwọ́yí ni wọ́n ń pe obìnrin yìí, nítorí pé awò àtijọ́ ló ń lò sí kámẹ́rà rẹ̀, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ yí kí àwòrán tó mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń ya òkè, odò àti pápá. Fọ́tò ẹlẹ́tàn sì máa ń kó o nírìíra bí eṣinṣin inú ọbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí afárá tuntun, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó kọ́ afárá náà ní kí Afọwọ́yí wá ya iná aláràbarà tí wọ́n máa yìn sójú ọ̀run. Wọn yóò gbé fọ́tò náà kọ́ sí gbọ̀ngàn ọ́fíìsì, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò tíì wà lára ògiri kankan rí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ya afárá náà, lẹ́yìn náà ó rọra yí awò títí fìtílà òdìkejì odò fi mọ́ kedere, ó sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pinpin kó má baà yẹ̀. Ó wá lọ mumi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a ṣiṣẹ́, rí téèpù náà, ó ṣe bí ìdọ̀tí ni. Ó ṣí i, ó nu awò, ó sì yí i dé òpin, ó ní ibẹ̀ ló máa rí ọ̀nà jíjìn jù. Kò mọ̀ pé awò àtijọ́ a máa yí kọjá bó ṣe yẹ. Òkùnkùn kò jẹ́ kí Afọwọ́yí fura. Gbogbo fọ́tò iná ló rí bàìbàì.

Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò gbé fọ́tò kan wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! A ti bọ́!"

Imú Afọwọ́yí kákò. "Níbo lo ti rí iná yìí?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Mo fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ ẹ́ mọ́ afárá tí ẹ yà nírọ̀lẹ́, mo sì sọ ìrọ̀lẹ́ di òru."

"Iná tàn yòò lókè, omi ìsàlẹ̀ dúdú bí èédú. Ṣé omi fọ́jú ni?"

"Ẹ̀yin náà! Ta ló ń wo omi?"

"Èmi ni! Àjẹkù ẹlòmíì lo fẹ́ fi sí mi lẹ́nu."

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tó rí bàìbàì lọ bá ọ̀gá, àbúrò sì tẹ̀ lé e tòun ti fọ́tò tirẹ̀. Afọwọ́yí ṣàlàyé ohun gbogbo. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, èyí dà bí ẹni tí ata ta sí lójú. Ti àbúrò yín la máa gbé kọ́."

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára ẹ̀ nígbà náà."

"Ta la wá máa kọ síbẹ̀?"

Kíá, àbúrò nawọ́ sókè.

Orúkọ àbúrò ló wà níbẹ̀ dòní. Àlejò a máa dúró yìn ín. Afọwọ́yí ṣì ń lọ gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, kí oúnjẹ àárọ̀ má baà gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀.